Ta Ló Ní Tíṣà Geddes Kò Lẹ́ni?

Tíṣà Murdo Geddes kú ní hòsípítù kan ní Bronx lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù kejì. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Kò pé oṣù kan tí hòsípítù náà fi ní kí wọ́n kó òkú wọn lọ sí erékùṣù tí ìlú yìí ń sin àwọn tí kò lẹ́ni sí.

Kò lẹ́ni kẹ̀? Ṣé ẹ bi àwa ará àdúgbò wọn ní Parkchester?

Ará Scotland ni Tíṣà. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní ẹ̀kọ́ ìtàn. Láràárọ̀ Sátidé, wọ́n á sọ̀rọ̀ lórí rédíò àdúgbò nípa bọ́ọ̀lù àtijọ́: nípa àwọn ahunṣọ àti àwọn tó ń gbẹ́ òkúta, tí wọ́n kúrò ní Scotland wá síhìn-ín láyé ọjọ́un, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ẹrẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Tíṣà á máa wá sàréè wọn kiri. Èyí tí kò bá lórúkọ, wọn ò ní sinmi àfi bí wọ́n bá gbé òkúta lé e. Mọ́kànlá ni wọ́n rí. Odidi tíìmù kan!

Lọ́jọ́ kan ní kíláàsì, Kúnmi, ọmọbìnrin mi, sọ fún Tíṣà pé bàbá bàbá òun gbá bọ́ọ̀lù rí l'Ábẹ́òkúta.

"Kí lorúkọ wọn?"

"Grandpa la máa ń pè wọ́n."

"Lọ bèèrè. Ẹni tí èèyàn pàtẹ́wọ́ fún kò yẹ kó sọnù."

Nígbà tó di Sátidé, a gbọ́ ọ lórí rédíò: "Bàṣírù Adégbìtẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ òsì!" Ìpè Tíṣà wọ́ débi pé gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Àfi bí mo ṣe wojú ọkọ mi tí mo rí omijé.

Hassanat, tó ń gbé yàrá kejì sí tiwọn, ló pe áńbúláǹsì nígbà tí Tíṣà ṣubú. Ó bá wọn dé hòsípítù. Ojú ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ṣe kọ orúkọ àti nọ́ńbà Joanna, ọmọ àbúrò wọn ní Dundee lọ́hùn-ún ní Scotland, sínú fáìlì. Ọjọ́ kẹta, ó padà lọ wò wọ́n. Obìnrin kan ló bá ní káńtà.

"Kí lo jẹ́ sí wọn?"

"Nébọ̀ wọn ni mí, mà."

"Nébọ̀ kì í ṣe fámílì. A ò lè bá ẹ sọ̀rọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe Joanna. Nọ́ńbà ẹ̀ wà lọ́wọ́ yín."

"A máa pè é."

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni Tíṣà ti kú. Obìnrin náà kò sọ. Wọn ò sì pe Joanna. Òun ló ń pe fóònù Tíṣà lójoojúmọ́, tó ń dún nínú yàrá òfìfo. Nígbà tí ara ẹ̀ ò gbà á mọ́, ó wọ bàálù wá, ó kan ilẹ̀kùn Hassanat. Àwọn méjèèjì jọ lọ sí hòsípítù.

"Wọ́n ti sin wọ́n. A ò rí ẹbí kankan."

Hassanat ní kí wọ́n ṣí fáìlì. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà Joanna wà. Joanna jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn.

Ṣé iṣẹ́ ló pọ̀ jù ni, àbí arúgbó tó ń dá gbé kò tó èèyàn mọ́? Ilé ẹ̀kọ́ tó lo ọgbọ̀n ọdún ayé wọn kò ṣe ìkéde kan ṣoṣo. Rédíò fi orin dípò ètò wọn, láìdárúkọ wọn. Ẹ kúuṣẹ́ o!

Ọ̀gá hòsípítù, ẹ bá Joanna gba òkú Tíṣà padà lérékùṣù yẹn, kó lè gbé wọn lọ sílé. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sáré ìwé ẹ̀ o, kì í ṣe òun. Ní Mọ́ńdè, aago mẹ́sàn-án, a máa wà lẹ́nu ọ̀nà yín. Ẹni tó fọwọ́ sí i pé Tíṣà kò lẹ́ni, ẹ jẹ́ kó jáde wá. Ká rójú ẹ̀.