Bí Ìyàwó Mi Ṣe Ń Nájà

Ìwé mẹ́rin ni ìyàwó mi fi sílẹ̀ nínú àpò ìwé kan lábẹ́ àwọn aṣọ rẹ̀. Ìwé ìpín ìdókòwò ni wọ́n, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ṣíà. Nọ́ọ̀sì ni, ó sì ra àwọn ṣíà náà díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀, nígbà tí àwọn ilé ìfowópamọ́ ń ta ṣíà bí ẹni ń ta àgbàdo sísun. Nígbà tó yá, ọjà náà dojú dé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ta tiwọn ní ìtàkutà, wọ́n sì ń ṣépè. Òun kò tà. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mo ní ìwé tí wọ́n fi ń wé ẹ̀pà ló ń tọ́jú.

Òun a máa ní, "Ẹ máa rẹ́rìn-ín, Dádì. Ti ọmọ yín ni. Ẹ ṣáà má bá mi fọwọ́ kàn án."

Àbíkẹ́yìn wa obìnrin ló ń sọ. Ọdún kejì ni ọmọ náà wà ní yunifásítì, tó ń gbé yàrá kan ní àdúgbò Basin n'Ìlọrin níbí, nígbà tí ìyá rẹ̀ kú.

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìṣirò. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe àìmọ̀ ló fẹ́ ṣe mí ní jàǹbá.

Oṣù kẹta lẹ́yìn ìsìnkú ni ọkùnrin kan wá sí ilé wa ní Adéwọlé. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó sì kí mi kú ọ̀fọ̀ ní èdè ìlú wa, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lápá Ọ̀mù-Àrán gẹ́lẹ́. Ó mọ agbolé wa. Ó mọ igi tó wó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé. Àìsàn àwa tí a ti ìlú wọ̀nyẹn wá gbé Ìlọrin nìyẹn. Bí àjèjì bá fún wa lówó, a óò gbé e sókè wò lójú oòrùn, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ti fi èdè ilé kí wa, àga la máa gbé fún un. Mo gbé àga fún un.

Ó ní iṣẹ́ òun ni láti máa gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn lórí owó wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ó ń jẹ ìrẹsì tí mo sè, ó sì ń yìn ín. Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ kẹta ni mo gbé àpò ìwé náà jáde. Ó tú u wò, ó mí kanlẹ̀ bíi dókítà.

"Dádì, owó yìí ti kú. Ṣíà? Lónìí á gòkè, lọ́la á já wálẹ̀. Níbi tí ọjọ́ orí yín dé, kí lẹ fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe?"

Ó ní kí n jẹ́ kí òun bá mi tà wọ́n, kí a kó owó náà sí ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó ọjà wọlé láti òkè òkun. Wọn óò máa san èrè náírà mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún náírà kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù. Ó ní kò sí ewu níbẹ̀ rárá.

Mo ṣírò rẹ̀ lójú rẹ̀. Bí ènìyàn bá ń fi èrè lé èrè, mílíọ̀nù kan yóò ju mẹ́ta lọ kí ọdún kan tó yípo. Mo mọ̀ pé kò sí ọjà tó ń bímọ bẹ́ẹ̀. Mo fi irú ìṣirò yẹn dán àwọn ọmọ wò lọ́pọ̀ ìgbà. Síbẹ̀, mo gba fọ́ọ̀mù, mo kọ ohun gbogbo sí i, ó ku kí n tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ẹ bá bi mí léèrè ìdí rẹ̀, ohun tí mo lè sọ ni pé Ọjọ́bọ̀ nìkan ni mo ń fá irùngbọ̀n nígbà náà.

Ọjọ́ tí ọkùnrin náà fẹ́ wá kó àwọn ìwé náà lọ, mo yí àpò wọn padà. Ìyàwó mi ti fi lẹ́ẹ̀dì kọ iye tó ra ìkọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn rẹ̀. Lábẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kọ ti ilé-iṣẹ́ karùn-ún kan, ó fagi lé e, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Wọ́n yára pè mí padà. Mi ò rà."

Bó ṣe ń nájà nìyẹn. Bó bá ná iṣu, á dá iye kan, á yí ẹ̀yìn padà, á máa lọ. Èmi tí mo gbé báàgì lẹ́yìn rẹ̀, ojú a máa tì mí. Ó ní bí wọn kò bá pe ènìyàn rárá, owó tó dá ló kéré jù. Bí wọ́n bá sì ti ń pariwo pè é kó tó gbé ẹsẹ̀ kẹta, kó máa sá lọ, ohun kan ń ṣe iṣu yẹn.

Ọkùnrin náà dé, ó jẹun tán. Mo ní, "Mo ti rò ó. Mi ò ṣe mọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rù ló ń bà yín, Dádì. Ó dáa, mo máa bá yín sọ ọ́ di méjìlá."

Mo dìde, mo gbé àpò ìwé mi, mo kọjú sí ọ̀nà yàrá.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Nítorí ọmọ ìlú kan náà ni wá. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o!"

Mi ò tíì gbé ẹsẹ̀ kẹta. Mo yíjú padà.

"Láti orí àga dé ibí, mẹ́wàá ti di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. O ò sì pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Bí oníṣu bá pè mí padà, inú èrè tirẹ̀ ló ti ń dín in. Inú ti ta ni ìwọ ti ń fi kún tèmi?"

"Háà, Dádì! Ẹ wá ń fura sí èmi ọmọ yín? Ọlọ́run ló ń fi àlùbáríkà sí i."

"Ó dáa. Ó mọ ilé mi. Kí Ó gbé e wá fúnra Rẹ̀."

Kò wá ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sì wá mọ́.

Àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa kówó fún un. Wọ́n ti gba èrè lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo bá wọ ìpàdé, ọ̀kan a ní, "Tíṣà! Ẹ̀yin tí ìṣirò yín pọ̀ ju owó yín lọ!" Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn yóò já sí, mi ò sì gbàdúrà kó bàjẹ́. Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ṣíà náà. Ilé ìfowópamọ́ ńlá ti gbé ọ̀kan mì nínú àwọn tí ìyàwó mi rà. Èrè ọdún kan lórí òmíràn kò ju owó káàdì fóònù lọ. Bí rédíò bá sọ pé ọjà gòkè, mo máa ń bi ara mi pé ta ló wá ń tà á fún àwọn tó ń rà.

Mo fura sí ara mi náà. Ó lè jẹ́ pé ọgbọ́n kọ́ ló gbà mí, pé n kò kàn fẹ́ kí ìwé tó ní ìbuwọ́lùwé ìyàwó mi jáde nílé nínú báàgì ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kò sọ pé kí n tọ́jú wọn láti máa wò. Ó ní ti ọmọ ni.

Nítorí náà, mo mú ọmọbìnrin mi lọ sí ọ́fíìsì alágbàtà ṣíà kan ní àdúgbò Post Office, pẹ̀lú ìwé àṣẹ tí ilé-ẹjọ́ fún wa lórí ogún ìyá rẹ̀, kí wọ́n yí wọn sí orúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin tó wà nídìí tábìlì ní yóò gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

"Ṣé kò lè jẹ́ mẹ́rin?"

"Kò lè jẹ́ mẹ́rin, sà."

"Ṣé ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà pé ṣíà náà kò ní já wálẹ̀ kí ó tó di ìgbà náà?"

"Rárá o, sà. Ó lè já."

Mo kó àwọn ìwé mi, mo dìde, mo kọjú sí ilẹ̀kùn.

Ọmọ mi ní, "Dádì, kí lẹ tún ń ṣe báyìí?"

Mo ka ẹsẹ̀ mi. Ó di mẹ́ta, ó di márùn-ún, ó di méje. Ọ̀dọ́bìnrin náà kò pè mí. Ẹni tó wà lẹ́yìn wa ló ń pè pé kó bọ́ síwájú.

Mo padà, mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹni yẹn, mo jókòó, mo sì kó ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé ọmọ mi lọ́wọ́ pé kó gbé wọn fún un.