Orúkọ tí Tòún Kò Túmọ̀

Ẹnu Tòún ni àwọn ará Monrovia tó wà nínú ìjọ wọn ní Logan Town ti ń gbọ́ ìwàásù. Bí pásítọ̀ bá ti sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, òun ló ń tú u sí gẹ̀ẹ́sì wọn. Orúkọ nìkan ni kì í túmọ̀. Bó bá ṣe gbọ́ ọ náà ló ń sọ ọ́. Ta ló ráyè túmọ̀ orúkọ?

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá Akínrẹ̀mí télọ̀ dùbúlẹ̀, tó sì kó gbogbo gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu rẹ̀, Tòún ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Sójà ni Akínrẹ̀mí nígbà tó bá àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wá pẹ̀tù sí ogun. Ogun parí, kò padà sílé mọ́. Catherine nìkan lọ́mọ tó bí. Àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ tó ti kú ló tọ́ ọ dàgbà, kò gbọ́ Yorùbá rárá. Ohun tó ń wá kò ju kó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá rẹ̀ kó tó kú.

"Àṣàkẹ́," ni bàbá ń wí, omi ń dà lójú rẹ̀. "Àṣàkẹ́, wá jókòó tì mí. Má bínú sí mi."

Tòún tú u bó ṣe gbọ́ ọ.

"Sísítà Tòún, ta ni Àṣàkẹ́?"

Tòún mọ̀ pé oríkì ni. Ṣùgbọ́n sójà mélòó ni kò fi ìyàwó sílẹ̀ nílé? Ojú ń tì í nítorí bàbá náà.

"Orúkọ obìnrin ni," ló wí, ó sì wolẹ̀.

Catherine dìde. "Kí Àṣàkẹ́ náà wá tọ́jú wọn o!" Ìta ló lọ jókòó sí, kò wọlé mọ́. Bàbá ń pe Àṣàkẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi rẹlẹ̀, títí ó fi kú.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Bàbá Ammar, tí òun àti Akínrẹ̀mí jọ jẹ́ sójà, wá láti Barnersville. Ó di Catherine mú lọ́wọ́ méjèèjì.

"Àṣàkẹ́! Ojú mi ni bàbá ẹ ṣe fún ẹ lóríkì yìí, níjọ́ tí a sọ ẹ́ lórúkọ."

Ojú Catherine le. "Kí ni wọ́n wí? Ṣé obìnrin yẹn wà níbí ni?"

"Ìwọ ni," ni Tòún wí. "Ìwọ ni wọ́n ń pè."

Catherine ń wò ó, kò sunkún.

"Ẹ̀yin lẹ gbọ́ èdè wọn," ló wí. "Kí ló dé tẹ́ ò bi wọ́n?"