Áṣáà Tí Màámi Fi Sílẹ̀ Nítorí Àbúrò Mi

Àbúrò mi obìnrin ló kàwé nínú àwa méjèèjì. Kẹ́mísìrì ló kọ́ ní yunifásítì, Èkó ló sì ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń yẹ oúnjẹ wò bóyá májèlé wà nínú rẹ̀. Èmi ń ránṣọ ní Ìbarà, ọ̀dọ̀ mi ni màámi ń gbé láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Èmi ni mò ń se oúnjẹ wọn, èmi ni mò ń fi òróró ra orúnkún wọn. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá wọlé, ìròyìn ọmọ tó wà l'Ékòó ni yóò gbọ́ títí yóò fi lọ.

Màámi máa ń fi áṣáà sẹ́nu. Ọmọdé ni wọ́n ní Wásinmi nígbà tí eyín ń dùn wọ́n, tí ìyá wọn àgbà bu tábà tí wọ́n lọ̀ kúnná fún wọn, pé kí wọ́n fi há abẹ́ ètè. Eyín náà ti ká tipẹ́, áṣáà kò lọ.

Mo ti bẹ̀ wọ́n títí. "Màámi, òórùn yìí pọ̀ jù. Àwọn oníbàárà mi ń gbọ́ ọ."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. "Ẹnu mi ni, kì í ṣe ẹnu rẹ."

Lọ́sàn-án Sátidé kan, àbúrò mi wá kí wa. Ó kúnlẹ̀ kí màámi, ó sì jókòó tì wọ́n lórí ẹní. Bí wọ́n ṣe nawọ́ sí agolo áṣáà, ó rọra di ọwọ́ náà mú.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lanu kí n wò ó."

Mo rò pé wọ́n máa jágbe mọ́ ọn ni. Nígbà tí èmi ní kí wọ́n lanu kí n wo eyín wọn tó ń mì, wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni mo di dókítà. Ṣùgbọ́n wọ́n lanu fún àbúrò mi. Wọ́n tiẹ̀ fi ìka ara wọn fa ètè ìsàlẹ̀ wálẹ̀.

Àmì funfun kan wà níbi tí áṣáà máa ń wà, ó le bí ìpẹ́. Èmi tí mò ń bá wọn gbélé kò rí i rí. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn kì í ṣe ẹ̀rù. Owú ni.

Àbúrò mi ní nígbà tí wọ́n bá sá ewé tábà, tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ pamọ́, àwọn májèlé kan a máa hù jáde lára ewé náà fúnra rẹ̀. Náítírósámíìnì ni wọ́n ń pè wọ́n, wọ́n sì ń fa jẹjẹrẹ.

"Àwọn tó ń mu sìgá nìyẹn," ni màámi wí. "Èmi kò fa èéfín rí."

"Ó wà nínú èéfín sìgá lóòótọ́. Àmọ́ ewé kan náà ni tiyín, màámi, ẹran ẹnu yín ló sì ń bá gbé."

"Ṣé ẹni tó ń tà á ló bù ú sí i?"

"Rárá o, kò sẹ́ni tó bù ú sí i."

Màámi yíjú sí mi. Wọ́n ní kí n lọ da agolo náà nù. Ohun tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọdún yìí wá, ọ̀sán kan ṣoṣo ni àbúrò mi fi rí i gbà.

A lọ sí ọsibítù. Dókítà gé díẹ̀ lára àmì náà fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì dé, ó ní kò tíì di jẹjẹrẹ, àmọ́ ó lè di jẹjẹrẹ bí wọn kò bá jáwọ́ nínú áṣáà. Àbúrò mi padà s'Ékòó, ó ku èmi àti ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń wá áṣáà. Orí ń fọ́ wọn, wọ́n ń kanra, oúnjẹ mi kò dùn mọ́. Bí fóònù bá wá dún láti Èkó, ohùn wọn á rọ̀: "Ọmọ mi, ìwọ lo gba ẹ̀mí mi." Ńṣe ni mo máa ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ kíkankíkan kí n má baà gbọ́.

Nígbà tí n kò lè mú un mọ́ra mọ́, mo bi wọ́n léèrè. "Màámi, kí ló dé tí ẹ gbọ́ tirẹ̀, tí ẹ ò gbọ́ tèmi?"

Wọ́n dá mi lóhùn. "Ìwọ, òórùn lo bá mi sọ. Mo rò pé mò ń dójú tì ọ́ ni. Òun, nígbà tó di ọwọ́ mi mú, mo rí i pé ẹ̀rù ikú mi ń bà á."

Ó wù mí kí n sọ pé ẹ̀rù ikú wọn ti ń ba èmi náà, kí àbúrò mi tó mọ orúkọ májèlé kankan. N kò sọ ọ́. Mo wọ yàrá, mo sunkún díẹ̀, mo sì jáde wá gbé ọbẹ̀ kaná.

Màámi kò padà sídìí áṣáà. Nígbà tí a tún lọ fún àyẹ̀wò, dókítà ní àmì náà ti ń pòórá. Bí a ṣe jáde sí títì, wọ́n ní kí n pe Èkó kí àwọn ròyìn fún ọmọ àwọn. Mo pè é, mo sì na fóònù sí wọn. Mo dúró létí títì tí ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì Ewékorò ń gbà kọjá, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Inú mi ń dùn pé ara wọn ń yá. Mo sì ń jowú síbẹ̀.