Òwúrọ̀ Tí Mo Sáré Kàwé Fún Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí àjẹ̀ ọkọ̀ ṣì ga jù mí lọ, ọ̀dọ̀ ìyá tó bí bàbá mi ni mo ń gbé, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Zion Pepe. Orí òpó igi la kọ́ ilé sí, omi ń ṣàn lábẹ́ wa. Ibùdó apẹja ni àwọn òbí mi máa ń wà, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wálé. Èéfín ẹja yíyan ti ba ojú ìyá àgbà jẹ́ tipẹ́tipẹ́, kò ríran mọ́. Èmi tí wọ́n rán lọ sílé ìwé ni mò ń ka Bíbélì fún un láràárọ̀, kí a tó jọ gbàdúrà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rò pé n kò fẹ́ràn ìwé kíkà náà níbẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ka ẹsẹ kan, tí ìyá àgbà bá mi orí, inú mi a dùn dé ìka ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó wá dà bí ojú tí à ń bọ́ láàárọ̀, ohun tí à ń ṣe ṣá. Mo wá Sáàmù tó kúrú jù, ẹsẹ méjì péré, òun ni mò ń kà lójoojúmọ́. Ẹnu mi ń kàwé, ọkàn mi ti wà lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń tukọ̀ ṣeré. Mo ṣebí ẹni tí kò ríran kò lè mọ̀. Lọ́jọ́ kan ó rọra bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé Sáàmù kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé náà ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, ibà gbé ìyá àgbà dè. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ariwo ta pé àbùùbùtán kan ti kú sí etí òkun. Tọmọdé tàgbà ń sáré lórí afárá pákó. Mo ti ń ró aṣọ mi mọ́ra nígbà tí ìyá àgbà pè mí.

Ó ní, "Ara mi kò dá lónìí. Ka orí tó gùn fún mi, kí o kà á díẹ̀díẹ̀."

Ẹsẹ méjì yẹn náà ni mo kà, mo kà á ní èémí kan. Mo ṣe àmín kí òun tó la ẹnu.

"Kò tíì tó. Jókòó tì mí, ká gbàdúrà."

"Mò ń bọ̀, ìyá àgbà. Tí mo bá dé, n ó ka ìyókù."

Ó ní, "Ọlọ́run kọ́ là ń sọ fún pé kó dúró ná."

Mo gbọ́. Mo sì lọ.

Ẹja náà tóbi ju ilé wa lọ. Àwọn ọkùnrin ń fi àdá gé e, òórùn rẹ̀ ń gba imú. Ibẹ̀ ni mo wà títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tí mo padà, àwọn obìnrin ti kún ẹnu ọ̀nà wa, kò sí ẹni tó kí mi. Ìyá àgbà ti lọ. Bíbélì wà ní ṣíṣí láyà rẹ̀, ó dorí kodò.

Obìnrin Mùsùlùmí tó ń ta iyọ̀ àti ọṣẹ ní ìtòsí wa ló wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó fà mí mọ́ra. Ó ní, "Ó ń pè ọ́. Ó ní kí n kàwé fún òun, n kò sì mọ̀wé. Mo kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo bẹ Ọlọ́run pé kó gbà á."

Ọkọ̀ la fi gbé òkú rẹ̀ lọ sí Ode Mahin, níbi tí ilẹ̀ gbígbẹ wà. Létí ibojì, bàbá mi ní kí èmi tí mo máa ń kàwé fún un kà fún un nígbà ìkẹyìn. Mo mú orí tó gùn. Mo kà á díẹ̀díẹ̀ títí dé òpin, omijé ń kán sórí ìwé. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí mò ń sunkún sí.

Lónìí, òkun ti jẹ abúlé náà tán. Bóòtù ló ń sáré kọjá níbi tí a ti ń sùn. Ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ létí omi ju ti ayé ìgbà náà lọ. A óò jókòó ṣàdúrà nílé, fóònù ọmọ ọmọ mi á dún, ọmọ náà á sì dìde. N kì í bú u. Èmi kò ní fóònù nígbà tèmi, síbẹ̀ mo dìde. Mo kàn ń sọ fún un pé, "Jẹ́ kó dún, jókòó." Mo ti tọrọ ìdáríjì, mo sì gbà pé Ọlọ́run ti dárí jì mí. Àmọ́ n kò tíì rí ẹni tó lè dá òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn padà fún mi.