Ohùn Lúkúmánù Nínú Kọ̀ǹpútà Ilé-Kéwú

Lọ́sàn-án àná, mo lọ mú àbíkẹ́yìn mi ní ilé-kéwú. Mi ò tíì bọ́ bàtà tán tí mo gbọ́ ohùn kan láti inú kọ̀ǹpútà tó wà níwájú àwọn ọmọ: "O káre!" Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo bú sẹ́kún. Ọmọ mi ní, "Mọ́mì, kí ló ṣe yín?" Lúkúmánù ọ̀rẹ́ mi ló ni ohùn yẹn, Lúkúmánù sì ti kú tipẹ́.

Agboolé kan náà la ti dàgbà, ní Ìwó níbí. Wàláà onígi la fi ń kéwú nígbà náà, tàdáwà tí a fi ń kọ̀wé á ti kun àtẹ́lẹwọ́ wa dúdú, pàṣán Àáfà á sì wà nítòsí. Kò sí ẹni tó jẹ pàṣán yẹn tó Lúkúmánù. Ahọ́n rẹ̀ wúwo díẹ̀. Bí àwa bá ti ń ka álífù, báù, táù lọ, òun á há sórí báù, á máa wí báù, báù, títí pàṣán á fi dé. Àwa á bú sẹ́rìn-ín, aláìláàánú ọmọ. Òun náà á nu omijé, á bá wa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó dàgbà díẹ̀, ó ń gbálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ń tẹ ìwé fún ará ìlú, kí wọ́n lè jẹ́ kó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ló ti ṣe ètò kan tó ń kọ́ ọmọdé ní kéwú. Bí ọmọ bá tẹ lẹ́tà tó tọ̀nà, ohùn Lúkúmánù á ní, "O káre!" Bí ó bá ṣì í, á ní, "Kò burú, tún un kà." Kéwú tí kò ní pàṣán! Ó dà á sórí síídì, ó ní ohun tí òun bá tà lòun máa fi wọ Pólì.

Àáfà wa ló kọ́kọ́ rà á. Inú wọn dùn débi pé lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, wọ́n dìde, wọ́n ní ìmọ̀ kì í ṣe ohun à ń dì mọ́wọ́, kí ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà wá dà á kọ lọ́fẹ̀ẹ́, láádá ni lọ́dọ̀ Ọlọ́run fún ọmọ tó ṣe é. Háà! Sàárà ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe. Kò pẹ́, ó ti dé Kuta. Ẹ ò bá rí i bí wọ́n ṣe ń ṣàdúrà fún Lúkúmánù láàárín títì, tí òun á máa ṣe àmín, pẹ̀lú síídì tí ẹnikẹ́ni kò rà lábẹ́ apá. Ṣé àmín ni wọ́n ń gbà ní Pólì ni? Ta ni yóò sì bá jà, Àáfà tó kọ́ ọ ní kéwú?

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan gun ọ̀kadà wá láti Olúpọ̀nnà, ó ń béèrè rẹ̀. Lúkúmánù sáré lọ wọ ẹ̀wù tó dáa, ó ní oníbàárà dé. Ọkùnrin náà ní, "Àbúrò, èyí tí a dà kọ yẹn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Wá bá wa tún un ṣe." Ó tẹ̀ lé e lọ. Ó bá wọn tún un ṣe.

Nígbà tó yá, ó wọ Èkó lọ wá owó Pólì, ó ń ru bíríkì níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ilé náà wó lù ú. Wọ́n ní kádàrá ni. Mo gbà, kádàrá ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa wà níbẹ̀.

Àáfà àtijọ́ ti lọ, wàláà náà ń lọ. Ohùn yẹn ló kù. Bí wọn kò bá sì dà á kọ káàkiri bẹ́ẹ̀, ibo là bá ti gbọ́ ọ lónìí? Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e sí.

Nígbà tí mo nu ojú tán lánàá, mo rí ìyá Lúkúmánù lórí àpótí lábẹ́ fèrèsé. Àwọn ará ibẹ̀ ní ojoojúmọ́ ni màmá ń wá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n fọwọ́ sẹ́nu, pé kí n dákẹ́. Ọmọ kan tẹ báù nínú ilé.

"O káre!" ni kọ̀ǹpútà wí.

Màmá náà mi orí, wọ́n rọra dá a lóhùn: "Ìwọ náà káre, ọkọ mi."