Awakọ̀ Wàrà Tó Kọjá Oríta

Wọ́n ní Gbọọrọ ní obìnrin kan lójú ọ̀nà. Wọ́n ní obìnrin náà ga, ó pupa, ilé búlọ́ọ̀kù ló ń gbé, àti pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Gbọọrọ ti lo wákàtí méjì lọ́jọ́ tí wàrà bàjẹ́ sínú ọkọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ni aṣọ́nà ilé iṣẹ́ wàrà, ẹni tí kì í kúrò nídìí géètì láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, tó wá ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọgọ́rin máìlì sí ibi tó jókòó sí. Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, nítorí ìyàwó Gbọọrọ, ọmọ ìyá mi ni, àbúrò mi pátápátá, orí bẹ́ẹ̀dì mi ló sì sùn sí fún ọjọ́ mẹ́sàn-án lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó sì máa ń ta ẹsẹ̀ tó bá sùn.

Gbọọrọ kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló fún un, torí òun nìkan ló gbà láti máa na ọ̀nà gbọọrọ tó ti oko màlúù wá sí ilé iṣẹ́ wàrà. Ọdún mẹ́tàlá ló ti ń nà án. Ọ̀nà yẹn kò ní kọ́nà, kò ní òkè, kò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Àgbàdo lọ́tùn-ún, àgbàdo lósì, òpó iná kan, òpó iná kejì, màlúù mẹ́rin tó ń wo ibì kan náà, lẹ́yìn náà, àgbàdo. Téèyàn bá wakọ̀ fún wákàtí kan níbẹ̀, á dà bíi pé ojú kan ló ṣì wà, tí ẹnì kan kàn ń fa ilẹ̀ kọjá lábẹ́ táyà rẹ̀.

Ara Gbọọrọ kì í sì í gbélẹ̀. Nílé, á jókòó, á dìde, á lọ tú ẹ̀rọ omi tí kò bàjẹ́. Lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ á máa jó ṣáá. Á kọrin, á bú àgbàdo, á ka òpó iná. Tó bá ka òpó dé igba, á pa á rẹ́, á bẹ̀rẹ̀ látorí ení.

Ohun kan ṣoṣo tó yàtọ̀ lójú ọ̀nà náà ni katakata pupa kan tó kú sínú oko. Ó ti dógùn-ún, igi ti hù gba àárín ìjókòó rẹ̀ jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yà sọ́wọ́ ọ̀tún lọ sí ilé iṣẹ́. Kò sí pátákó kankan. Tí ọ̀gá bá gba awakọ̀ tuntun, gbogbo ẹ̀kọ́ tó máa kọ́ ọ kò ju pé, "Máa lọ. Tóo bá rí katakata pupa, yà."

Bí àgbẹ̀ tó ni katakata ṣe tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù nìyẹn, lọ́jọ́ Ajé kan, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni ì bá sọ fún? Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Gbọọrọ gbé wàrà, ó ń lọ, ó ń lọ, ó sáà ń lọ, àfi bó ṣe rí ilé epo kan tí kò rí rí láyé rẹ̀. Ó ti fi wákàtí kan kọjá oríta. Kó tó padà dé, wàrà ti kan. Wàrà kì í sì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ọ̀gá ní kí wọ́n dà á nù, aṣọ́nà ní obìnrin ni.

Aránṣọ ni àbúrò mi. Àwọn oníbàárà ló gbé ìròyìn náà wá bá a nídìí máṣíìnì. Kò parí ẹsẹ̀ ṣòkòtò tó ń rán tó fi di ẹrù, ó di ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Gbọọrọ wá bá a.

"Katakata ni wọ́n gbé kúrò," ó wí.

"Katakata," àbúrò mi wí. "Ọkùnrin mìíràn á ní ọ̀rẹ́ òun ló ń ṣàìsàn. Tìrẹ, katakata."

"Mo forí mi búra."

"Orí tó kọjá oríta fún odidi wákàtí kan? Gbé e pa mọ́."

Mo yíjú sí ògiri kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín mi. Ká má purọ́, èmi náà kò gbà á gbọ́. Ó jókòó, ó dìde, ó lọ sójú fèrèsé, ó padà.

"Àna mi, ẹ fìdí kalẹ̀ síbì kan," mo wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ìdí ọ̀hún ni kò gbà."

Àbúrò mi wá la ohun tó fẹ́ mọ́lẹ̀. Òun á bá a rin ọ̀nà náà. Òun á wo gbogbo ilé tó wà níbẹ̀. Tí ọmọdé kan bá fi lè juwọ́ sí i pẹ́nrẹ́n, òun ti mọ ilé ìyá ọmọ náà. Tí òun bá sì bá irọ́ níbẹ̀, òun kò padà sílé rẹ̀ mọ́ láéláé nìyẹn. Ilé iṣẹ́ kì í gba èrò sínú ọkọ̀ wàrà. Èmi ni mo lọ bá ọ̀gá, mo jókòó tì í ní ọ́fíìsì, mo ń sọ̀rọ̀, títí ó fi rí i pé kí òun gbà ló máa tètè yọ òun. Ó ní kí wọ́n lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí ọkọ̀ máa ń padà lófìfo láti oko màlúù. Òun kò tún fẹ́ da wàrà nù.

Wọ́n ti gbé táyà kan tí wọ́n kùn ní funfun sí oríta báyìí. Gbọọrọ ní kí ìyàwó òun bá òun ṣọ́ ọ.

"Ohun tí mo wá ṣọ́ yàtọ̀ sí táyà," ó dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ó la ojú kalẹ̀, ojú tó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àbúrò mi kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀. Ó bi í léèrè ilé mẹ́ta tí wọ́n kọjá, ta ló ń gbé ibẹ̀, ṣé ó lọ́kọ. Lẹ́yìn náà, ilé tán. Àgbàdo. Òpó. Ó ka òpó dé mẹ́tàdínláàádọ́rin, iye rẹ̀ sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà ń jó. Ó rántí ẹ̀wù kan tí wọ́n ń dúró dè, ó ń ro bí òun á ṣe gé ọrùn rẹ̀. Ó sọ fún mi pé oorun kò kun òun rárá, ojú òun là sílẹ̀ kedere. Ìgbà tó máa mọ ibi tó wà, ilé epo ló ń wò.

Gbọọrọ pa ọkọ̀. Bàbá arúgbó kan tó ní irùngbọ̀n funfun jáde wá, ó ń fi àkísà nu ọwọ́.

"Onímílíìkì, ẹ tún ti kọjá," ó wí. Ó yọjú wo inú ọkọ̀. "Ẹ tiẹ̀ mú ẹlẹ́rìí dání lónìí."

Àbúrò mi wo bàbá náà, ó wo ilé epo rẹ̀. Ẹ̀rọ epo kan, àga kan, kò sí obìnrin, kò sí abo adìẹ pàápàá. Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Ṣebí ìwọ lo wakọ̀?"

"Ṣebí ìwọ lò ń ṣọ́nà?"

"Yí ọkọ̀ padà jàre."

Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti wá kó ẹrù rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Nígbà tó ń kọjá nídìí géètì, ó dúró sọ fún aṣọ́nà pé òun ti rí obìnrin náà, pé irùngbọ̀n rẹ̀ gùn dé àyà.

Ó gbàgbé sísọ́ọ̀sì rẹ̀ sílé mi. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Gbọọrọ wá mú un. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó kọ̀ kò wọlé, ó ń yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́.

"Ṣebí ó ti tán," mo wí. "Ìyàwó yín ti padà sílé, ọ̀gá kò lé yín. Kí ló tún kù?"

Ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ fún àbúrò yín. Òun rò pé ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti ń dé ilé iṣẹ́ tí mi ò sì ní rántí pé mo yà. Géètì ni mo kàn máa ń rí níwájú. Mi ò sùn o. Ẹnì kan ń wa ọkọ̀ náà, ó sì ń wà á dáadáa, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n búra pé èmi ni, mi ò lè búra."