Orúkọ Tó Gùn Ju Àyè Rẹ̀ Lọ

Òórùn káńfọ̀ àti ti ìwé tí ikán ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, kí n tó rántí kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀. Inú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ọ̀wọ̀ ni gbogbo wọn wà, níbi tí wọ́n ń kó aṣọ àwọn akọrin sí. Ọdún 1998 ń lọ sópin, ọyẹ́ sì ti dé. Mo ti gba oyè nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, mo ti ṣe agùnbánirọ̀ fún ọdún kan, mo sì ti padà sílé láìní iṣẹ́. Ọmọ ìjọ kan tó wà lókè òkun ló fi kọ̀ǹpútà náà ránṣẹ́. Ó ti gbó, àyè inú rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi nígbà náà, kò sí ohun tí kò lè ṣe.

Ìwé tí ikán ń jẹ yẹn ni ìwé ìrìbọmi. Orúkọ gbogbo ọmọ tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún nínú ìjọ náà, láti ìgbà àwọn bàbá bàbá wa, ló wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ohun eré ní ìlú tí òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ tó ti tiwa, nítorí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò ní ẹ̀rí ọjọ́ orí mìíràn tí wọ́n lè fi han ìjọba. Ìgbìmọ̀ ìjọ wá pinnu pé kí wọ́n ṣe àdàkọ rẹ̀, kí wọ́n ka gbogbo orúkọ náà sókè ní ọjọ́ Ìsinmi ìdúpẹ́, kí wọ́n sì fi ògbólógbòó ìwé náà ránṣẹ́ sọ́dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù fún ìpamọ́. Akọ̀wé ìjọ ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ará Àkókó ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó sì ti gbé taipuráítà rẹ̀ kalẹ̀ nígbà tí mo dìde níbi ìpàdé, èmi tí n kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ. Mo ní kọ̀ǹpútà yóò ṣe é, yóò to orúkọ náà tẹ̀ léra bí a-bí-dí, kò sì ní fo ẹyọ kan. Títí di òní, n kò mọ ohun tó tì mí sọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn.

Akọ̀wé dé ẹ̀rọ rẹ̀ padà. "Ó dáa, Gíràdúéètì," ló wí. "Àwa ń wò ọ́."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé díẹ̀ nípa ètò kọ̀ǹpútà tí mo fẹ́ lò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní yunifásítì ló fún mi lórí sídíì. Àwọn tó kọ ọ́ kò tà á. Wọ́n fi gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba, kí ẹni tó bá fẹ́ lè kà á, kó tún un ṣe, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ sórí ẹ̀rọ tirẹ̀ bí ẹni ń kọ́lé. Ṣùgbọ́n irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í dá dúró. Ó ní láti máa yá irinṣẹ́ lọ́dọ̀ ohun tí à ń pè ní láíbìrì C. Ẹ fi wé yàrá kan tí gbogbo àgbẹ̀ abúlé ti ń lọ yá àdá àti ọkọ́. Láíbìrì tuntun ni àwọn tó kọ ètò yìí ń lò lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀tọ̀ ni èyí tó wà nínú ẹ̀rọ tiwa: ó ti pẹ́, ó kéré, òun nìkan sì ni ẹ̀rọ náà lè gbé. Mo rò pé irinṣẹ́ tí orúkọ wọn bá jọra, iṣẹ́ wọn á jọra.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ètò náà ní òwúrọ̀, kò sì parí títí oòrùn fi yẹ àtàrí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dúró sójú ọ̀nà, tó ní òun ń wá irinṣẹ́ tí kò sí níbẹ̀, tí mo sì wá òmíràn rọ́pò. Nígbà tó wá ṣiṣẹ́, mo fi ojú ewé kan nínú ìwé ìrìbọmi dán an wò. Kò sí àṣìṣe kankan. Inú mi dùn débi pé n kò dán ojú ewé kejì wò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni akọ̀wé fi ń ka orúkọ sí mi létí tí mo ń tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ìka rẹ̀ kì í kúrò lórí ìlà. Ní Ọjọ́rú tó ṣáájú ìdúpẹ́, mo tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé. Akọ̀wé jókòó, ó gbé rúlà lé e, ó ń fi í wé ti àtijọ́. Rúlà náà rìn díẹ̀, ó dúró.

"Gíràdúéètì, àwọn wọ̀nyí dà?"

Mo sún mọ́ ọn. Ọjọ́ ìbí wà níbẹ̀, orúkọ òbí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí orúkọ ọmọ wà ṣófo. Ó ṣí ojú ewé mìíràn, òfìfo tún wà níbẹ̀.

"Bóyá ẹ fò wọ́n nígbà tí ẹ ń kà á ni, sà."

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Èmi? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ka fáìlì ìjọba. Bí mo bá fo orúkọ, ṣé mi ò ní fo ọjọ́ ìbí mọ́ ọn?"

Ó ní kí n fi ojú ewé tí mo fi dán ètò náà wò han òun. Nígbà tó rí i, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ojú ewé àwa àlejò lo lọ mú! Wò ó, àwọn ọmọ tèmi nìyí, orúkọ méjì méjì. Èmi àti ìyá wọn nìkan la wà ní Ọ̀wọ̀ nígbà tí a bí wọn. Ta ni ì bá tún sọ wọ́n lórúkọ? Àwọn tó ṣófo wọ̀nyí, ọmọ onílé ni gbogbo wọn." Ó na ìka sí ọ̀kan. "Bàbá ọmọ yìí sọ ọ́ lọ́kan, ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ́kan. Bàbá àgbà sọ tirẹ̀, ìyá àgbà méjèèjì sọ tiwọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wá láti Ìdógùn, kò lè wá lásán. Wá fi ti ìrìbọmi kún un. Ta ni kí wọ́n fi sílẹ̀ nínú wọn?"

Mo gbé bírò, mo ń ka lẹ́tà. Gbogbo orúkọ tó sọnù ló gùn. Kò sí èyí tó kúrú tó sọnù. Mo padà sínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ ètò náà, mo sì rí ibẹ̀. Ètò náà máa ń sọ fún irinṣẹ́ kan nínú láíbìrì pé: kọ orúkọ yìí sínú àyè yìí; bí kò bá gbà á, sọ iye lẹ́tà rẹ̀ fún mi, kí n lọ wá àyè tó tó o. Ti láíbìrì tuntun á sọ iye náà. Ti èyí tó wà lọ́dọ̀ wa, "kò gbà" nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ. Ètò náà wá ka "kò gbà" sí iye, ó wá àyè tí kò tó nǹkan kan fún orúkọ náà, ó sì tẹ òfìfo síbẹ̀ láìpariwo.

Ọ̀nà kan rọrùn: kí a gé orúkọ kúrú. Mo dá a lábàá.

"Orúkọ ìyá àgbà ta lo fẹ́ gé?" ni akọ̀wé bi mí. Kò pariwo. Ó kàn gbé taipuráítà rẹ̀ wá sórí tábìlì, ó ní, "Bí tìrẹ bá kọ̀, tèmi ò ní kọ̀." Àwa méjèèjì sì mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè fi ọjọ́ mẹ́ta tẹ ìwé yẹn tán.

Ìlà mẹ́sàn-án ni mo kọ sínú ètò náà. Ohun tí wọ́n sọ kò ju pé: bí ó bá ní "kò gbà", wá àyè tó tó ìlọ́po méjì, kí o tún bi í, títí yóò fi gbà. Bí ẹni tó ń wá ìkòkò tó gba iṣu rẹ̀ ni. Mo tún gbogbo rẹ̀ kọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, rúlà akọ̀wé rìn láti orí ìlà kìíní dé ìlà ìkẹyìn, kò dúró níbì kan. Nígbà tó parí, ó dé taipuráítà rẹ̀. Kò yìn mí. Ó ní, "Gbé e lọ fún àlùfáà."

Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló ka orúkọ náà ní ọjọ́ Ìsinmi. Ìyá arúgbó kan tó wá láti Ìsùàdà dìde nígbà tí wọ́n ka tirẹ̀ dé orúkọ kẹfà, ó sì gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Lẹ́yìn ìsìn, ó sọ fún mi pé ìyá ìyá òun nìkan ló ń fi orúkọ yẹn pe òun, àti pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, òun kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́.

Mo fi ìlà mẹ́sàn-án náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ètò náà. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fèsì, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á, ó sì wà nínú ẹ̀dà tó tẹ̀ lé e. N kò lè sọ pé èmi ni mo kọ ètò náà. Ìlà mẹ́sàn-án péré ni tèmi. N kò sì lè sọ pé èmi nìkan ni mo rí àṣìṣe náà. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọwọ́ àgbàlagbà kan ló kọ́kọ́ dúró lórí ìlà tó ṣófo. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá rántí pé ẹnìkan lè máa kọ́ ètò yẹn lónìí ní ìlú tí n kò ní dé láé, tí orúkọ gígùn kan á sì jáde lódindi lọ́wọ́ rẹ̀, orí mi máa ń wú. Olúwa rẹ̀ kò ní mọ̀ pé nítorí ẹ̀gbọ́n bàbá kan tó wá láti Ìdógùn, tí kò lè wá lásán, ni àyè náà ṣe gbòòrò.